Ta Ni Ó Ti Inú Ilé Náà Jáde? Àyẹ̀wò Ìwé Mẹ́ta Lórí Àtúnṣe Ilé Àtijọ́ Ní Ìgbèríko Òkèèrè

Irú ìwé kan wà tí kò wọ́n ní ilé ìtàwé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ní Amẹ́ríkà láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ó lé sẹ́yìn. Bí ènìyàn bá ti ka méjì nínú wọn, ó ti mọ ọ̀nà tí ẹ̀kẹta yóò gbà. Tọkọtaya kan tí òjò àti wàhálà ìlú ńlá ti sú rìnrìn-àjò lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn tí oòrùn ti ń ràn dáadáa. Wọ́n rí ilé àtijọ́ kan ní ìgbèríko. Ilé olókùúta ni, òrùlé rẹ̀ ń jò, igbó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n rà á. Wọ́n pe bíríkìlà, ó ní òun ń bọ̀ lọ́la, ọ̀la náà di oṣù mẹ́ta. Páìpù bẹ́, ògiri wó, owó ń lọ. Nígbà tí ọdún yóò fi yí po, ilé ti gún régé, àwọn ará àdúgbò ti di ọ̀rẹ́, wọ́n tẹ́ tábìlì sí abẹ́ igi, gbogbo ènìyàn jẹun, ìwé sì parí.

Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa yìí ni ẹ ti ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí, bóyá nínú ọkọ̀ ojú irin tàbí nínú bàálù nígbà tí ẹ ń lọ sílé. Ó yẹ kí a yẹ̀ wọ́n wò ní èdè tiwa, nítorí ọ̀rọ̀ inú wọn kàn wá ní ọ̀nà méjì. Èkíní, àjèjì ni àwa náà ní orílẹ̀-èdè olórílẹ̀-èdè. Èkejì, àwa náà ní ilé àtijọ́ ní ìgbèríko, ṣùgbọ́n ibi tí a ti wá ni tiwa wà, àwa ni a sì fi í sílẹ̀. Ìwé mẹ́ta ni a mú: A Year in Provence tí Peter Mayle kọ, tí ó jáde ní 1989, Under the Tuscan Sun tí Frances Mayes kọ, tí ó jáde ní 1996, àti Driving Over Lemons tí Chris Stewart kọ, tí ó jáde ní 1999. Ohun tí a fẹ́ sọ nípa wọn kò ju ọ̀kan lọ. Ìwé wọn dùn, òtítọ́ sì pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n bí ìwé ìṣirò tí a kọ apá kan rẹ̀ tí a fi apá kejì sílẹ̀ ni wọ́n rí. Ẹni tí ó ra ilé ni wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó ti inú ilé jáde kò fi bẹ́ẹ̀ sí níbẹ̀. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹnì kan ṣoṣo ni ó gbìyànjú láti fi í hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Mayle, nítorí òun ni ó la ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀ lé e. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, iṣẹ́ ìpolówó ọjà ni ó sì ti ṣe kí ó tó di òǹkọ̀wé. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ra ilé oko kan tí ó ti tó 200 ọdún ní ìtòsí Ménerbes, ní agbègbè Luberon ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Oṣù méjìlá ọdún ni ó fi pín ìwé náà sí orí méjìlá. Ìpín yìí bá ọ̀rọ̀ ilé mu, nítorí ojú ọjọ́ ni ọ̀gá gbogbo ẹni tí ó ń kọ́lé. Ní oṣù kìíní, afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní mistral dé, omi dì nínú páìpù, páìpù sì bẹ́. Wọ́n ránṣẹ́ pe pọ́lọ́ńbà tí ń jẹ́ Menicucci. Ọkùnrin yìí kò kàn tún páìpù ṣe kí ó máa lọ. Ó ṣàlàyé pé ìdí tí otútù fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ ni pé ayé ti ń tẹ́ sí i, tí afẹ́fẹ́ fi rí ọ̀nà àbùjá gbà láti Siberia wá. Ẹni tí ó bá ti bá oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe pọ̀ rí nílé wa yóò dá irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ mọ̀. Owó iṣẹ́ ni ẹ fẹ́ san, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ ìwàásù.

Nígbà tí ọdún ń parí lọ tí iṣẹ́ kò parí, wọ́n dá ọgbọ́n kan. Wọ́n pe gbogbo àwọn oníṣẹ́ sí àpèjẹ ṣáájú Kérésìmesì, wọ́n sì ní kí oníkálukú mú ìyàwó rẹ̀ dání. Kò sí ọkọ tí yóò fẹ́ kí ìyàwó rẹ̀ dé ibẹ̀ kí ó rí i pé iṣẹ́ ọwọ́ ọkọ òun nìkan ni kò parí. Kíá ni gbogbo wọn padà sẹ́nu iṣẹ́. A fi ọgbọ́n yìí ta gbogbo ẹni tí ó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́rẹ, bóyá yóò ṣiṣẹ́ ju kí a máa pariwo lórí fóònù lọ.

Mayle mọ ènìyàn í wò, ó sì mọ ẹ̀rín í pa. Àléébù rẹ̀ ni pé ẹ̀rín ni ó fi ń kọjá níbi tí ó yẹ kí ó dúró. Ẹ wo àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú Faustin, àgbẹ̀ tí oko àjàrà rẹ̀ yí ilé náà ká. Faustin ti ń ro ilẹ̀ náà kí àwọn Mayle tó dé. Nígbà tí wọ́n ra ilé, wọ́n ra ilẹ̀ àjàrà mọ́ ọn, àdéhùn tí ó wà nílẹ̀ sì ń bá a lọ: onílẹ̀ ni yóò san owó igi àjàrà tuntun, Faustin ni yóò ṣe gbogbo iṣẹ́, nígbà ìkórè Faustin yóò mú ìdá méjì nínú mẹ́ta, onílẹ̀ yóò mú ìdá kan. Ó jọ ohun tí àwọn bàbá wa tí wọ́n dá oko kòkó mọ̀ sí ìṣákọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i dáadáa. Ní ilẹ̀ wa, àlejò ni ó ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún onílẹ̀. Ní Ménerbes, ẹni tí ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó ń pín èso oko fún àlejò tí ó dé lánàá. Kò sí ìwà ìrẹ́jẹ nínú rẹ̀, òfin gbà á, Faustin pàápàá kò ráhùn. Síbẹ̀, ohun tí ó wà nínú àdéhùn yìí tó láti gba orí kan odindi. Mayle dárúkọ rẹ̀, inú rẹ̀ dùn sí wáìnì tí yóò ti ibẹ̀ wá, ó sì kọjá lọ.

Frances Mayes yàtọ̀. Akéwì ni, olùkọ́ sì ni ní San Francisco State University ní Amẹ́ríkà nígbà tí ó ra ilé tirẹ̀ ní 1990, ní ẹ̀yìn ìlú Cortona ní Tuscany, ilẹ̀ Ítálì. Bramasole ni orúkọ ilé náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni ohun tí ó ń pòǹgbẹ oòrùn. Ilé náà ti wà lófìfo fún ọgbọ̀n ọdún. Mayes àti Ed, ọkùnrin tí wọ́n jọ ń gbé, fi ọwọ́ ara wọn ṣán igbó, wọ́n yọ igi ólífì kúrò lábẹ́ ìtàkùn, wọ́n ha ògiri. Níbi tí wọ́n ti ń fọ ògiri yàrá ìjẹun ni àwòrán aláràbarà tí ẹnì kan ti kùn síbẹ̀ láyé àtijọ́ ti yọjú lábẹ́ ọ̀dà. Ibi tí ìwé yìí ti dára jù nìyẹn. Mayes mọ̀ pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ó bọ̀wọ̀ fún àkísà ilé náà. Kò kánjú lé ohun àtijọ́ jáde.

Ìwà sùúrù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹwà lásán. Ilé olókùúta ti ayé àtijọ́ ní ilẹ̀ Yúróòpù, ẹfun tí wọ́n sun láti ara òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n, kì í ṣe sìmẹ́ńtì. Ẹfun yìí rọ̀, ó ń jẹ́ kí omi tí ó wọ inú ògiri rí ọ̀nà jáde. Bí onílé tuntun bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ irú ògiri bẹ́ẹ̀, omi há sínú, ògiri ń rà láti inú, ara rẹ̀ a sì máa bó. Ohun kan náà ni ó ń ṣẹlẹ̀ sí ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ní abúlé wa: kò ní pẹ́ tí sìmẹ́ńtì yóò fi sán, tí yóò sì máa wó lulẹ̀ ní ìpele ìpele, nítorí amọ̀ àti sìmẹ́ńtì kì í wú, wọn kì í sì í sún kì bákan náà. Bíríkìlà àdúgbò ni ó mọ èyí, kì í ṣe ẹni tí ó kó owó wá. Nínú irú ìwé yìí, èrè tí òǹkàwé lè rí kó lọ ilé ni pé onílé tuntun máa ń dé pẹ̀lú àwòrán ilé lórí ìwé, ilé fúnra rẹ̀ a sì kọ́ ọ ní ohun tí ó ṣeé ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè.

Ohun kan wà nínú ìwé Mayes tí a kò lè gbàgbé. Ojúbọ kékeré kan wà lára ògiri tí ó dojú kọ ọ̀nà níwájú Bramasole, ti Màríà Wúńdíá ni. Lójoojúmọ́, bàbá àgbàlagbà kan máa ń rìn wá síbẹ̀, a fi òdòdó tútù sínú rẹ̀, a sì máa lọ. Onílé tuntun ń wò ó láti ojú fèrèsé. Bàbá yìí kò bèèrè ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Lójú tiwa, ojú ewé tí ó níye lórí jù nínú ìwé náà nìyí, nítorí ibẹ̀ ni Mayes ti jẹ́ kí a rí i pé owó lè ra ògiri, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ mìíràn ṣì wà lórí ilé tí kò sí nínú ìwé àdéhùn. Ó yẹ kí ó tẹ̀ lé bàbá náà. Ó yẹ kí ó mọ ọmọ ẹni tí ó jẹ́, ohun tí ojú rẹ̀ rí, àti ìdí tí àwọn tí wọ́n ń gbé nínú ilé náà fi fi í sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún. Oúnjẹ sísè ni ó padà sí. Ọ̀nà oúnjẹ sísè pọ̀ nínú ìwé yìí, wọ́n sì dára, ṣùgbọ́n a kì í fi ọbẹ̀ dáhùn ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sọ ìwé náà di fíìmù ní 2003, Audrey Wells ni ó darí rẹ̀, Diane Lane sì ni ó ṣe Frances. Fíìmù yí ìtàn padà púpọ̀. Obìnrin tí ọkọ kọ̀ ni ó dá ra ilé. Àwọn lámèyítọ́ lè bínú sí i, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí fíìmù yìí gbà ríran ju ìwé lọ. Àwọn ọmọ ilẹ̀ Pólàǹdì ni wọ́n ń tún ilé náà ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, Pawel, fẹ́ràn ọmọbìnrin àdúgbò kan tí ń jẹ́ Chiara, àwọn ẹbí ọmọbìnrin náà sì kọ̀, nítorí àjèjì tí kò ní ẹbí ni. Frances ni ó dìde tí ó ní òun ni ẹbí ọmọkùnrin náà. Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Àjèjì méjì ni ó wà nínú ilé kan ṣoṣo. Ọ̀kan gbé dọ́là wá, gbogbo ìlú ń kí i káàbọ̀. Èkejì gbé agbára apá rẹ̀ wá, wọn kò fẹ́ fún un ní ìyàwó. Pólàǹdì kò tí ì wọ àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù nígbà náà. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 2004 ni ó wọ̀ ọ́. Àwa tí a mọ bí wọ́n ṣe ń tò fún ìwé ìgbélùú, tí a mọ̀ pé orúkọ kan wà fún àjèjì olówó, òmíràn sì wà fún àjèjì òṣìṣẹ́, kò yẹ kí a wo ibẹ̀ kí a má mí kanlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá kọ apá kejì ìwé ìṣirò náà. Kí ni ìdí tí ilé fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lófìfo ní Tuscany? Ọ̀pọ̀ ilé oko tí àjèjì ń rà níbẹ̀ jẹ́ ilé àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n wà lábẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní mezzadria. Onílẹ̀ ni ó ni ilẹ̀ àti ilé. Àgbẹ̀ àti gbogbo ìdílé rẹ̀ ń gbé inú ilé, wọ́n ń ro ilẹ̀, wọ́n sì ń pín ìkórè sí méjì pẹ̀lú onílẹ̀. Ẹran ọ̀sìn wà ní ìsàlẹ̀, ènìyàn wà lókè, ooru ara màlúù sì wà lára ohun tí ń lé otútù nígbà ọ̀gìnnìtìn. Láàárín nǹkan bí ọdún 1950 sí 1970, àwọn ọmọ àgbẹ̀ wọ̀nyí kó lọ sí ìlú ńlá, wọ́n lọ wá iṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń dé ní ìparí oṣù. Ní 1964, òfin ilẹ̀ Ítálì fi òpin sí dídá irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀tun. Ilé ṣófo, òrùlé jìn, àlàpà kù. Nítorí náà, nígbà tí olówó bá dé lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún tí ó ń yin ìdákẹ́jẹ́ òkè náà, ìdákẹ́jẹ́ àwọn tí wọ́n ti lọ ni ó ń yìn. Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òtítọ́ ni fún ọba, nítorí ọba ní ohun tí yóò fi tún un kọ́. Ẹni tí ó yá yàrá gbé nínú rẹ̀ kò rí ẹwà kankan.

Ìdí nìyí tí a fi fi ìwé Chris Stewart ṣáájú àwọn méjì yòókù. Stewart wà lára àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ olórin Genesis sílẹ̀, òun ni ó ń lu ìlù fún wọn ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ kí owó tó dé. Iṣẹ́ rírẹ́ irun àgùntàn ni ó ń ṣe jẹun. Òun àti Ana, ìyàwó rẹ̀, ra oko kan tí ń jẹ́ El Valero ní òkè Alpujarra ní gúúsù ilẹ̀ Sípéènì. Odò ni ó la oko náà kúrò lára ọ̀nà. Kò sí afárá, kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ. Pedro Romero tí ó ta ilé fún un kò jáde lọ́jọ́ tí ó gba owó. Ó ń bá a gbé níbẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń se ọ̀dùnkún, ó ń sọ fún un pé kò mọ nǹkan kan. Òtítọ́ ni ó sì ń sọ. Nípa bẹ́ẹ̀, nínú ìwé Stewart, ẹni tí ó ń wọlé àti ẹni tí ó ń jáde jókòó ti iná kan náà, a gbọ́ ohùn àwọn méjèèjì. Domingo, aládùúgbò rẹ̀, kì í ṣe ènìyàn ẹlẹ́fẹ̀ lásán. Ọ̀gá ni, òun ni ó ń kọ́ Stewart ní bí a ṣe ń fi òkúta àti igi ṣe nǹkan. Nígbà tí wọ́n jọ ṣe afárá, tí odò sì kún, a mọ ohun tí ó ná wọn, nítorí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni. Nígbà tí owó tán, Stewart lọ rẹ́ irun àgùntàn ní Sweden kí ó lè rí owó padà wá. Àwa tí a ti ṣe iṣẹ́ alẹ́ nítorí owó ilé ní ibòmíràn mọ ìtumọ̀ èyí. Kì í ṣe pé ìwé Stewart kò ní àbùkù; òun náà fẹ́ràn àwàdà púpọ̀, òun náà sì wọ ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọ ibẹ̀ ti kó lọ sí Catalonia, sí Jámánì àti sí ilẹ̀ Faransé. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ kí a rí ẹnu ọ̀nà náà ní ṣíṣí, kí a rí àwọn tí ń gbà á wọlé àti àwọn tí ń gbà á jáde.

Ìwé pẹ̀lú a máa ní àbájáde tirẹ̀. Lẹ́yìn tí ìwé Mayle ti tà káàkiri ayé, BBC sọ ọ́ di eré orí tẹlifíṣọ̀n ní 1993, John Thaw ni ó ṣe Mayle. Àwọn arìnrìn-àjò bẹ̀rẹ̀ sí í wá wo ilé náà, àwọn mìíràn wọ inú ọgbà láìkí ẹnikẹ́ni. Bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ inú rẹ̀; Mayle ni ó la ògiri ara rẹ̀. Ó kó lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún díẹ̀ kí ó tó padà sí Luberon, tí ó wá ń gbé ní Lourmarin. Ìjọba ilẹ̀ Faransé fi oyè Légion d'honneur dá a lọ́lá ní 2002, ó sì di olóògbé ní oṣù kìíní ọdún 2018. Ayé tí ó kọ nípa rẹ̀ ti yí padà. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní ìwé ìgbélùú kò lè lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180 ọjọ́ ní ilẹ̀ Faransé, kódà kí ó ní ilé síbẹ̀. Inú wa kò dùn sí ìnira ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ti rí: ẹ̀kọ́ tí a fi omijé kọ́ ni àwọn náà ń kọ́ báyìí, pé níní ilé síbì kan yàtọ̀ sí níní ẹ̀tọ́ láti gbé ibẹ̀.

Ní ilẹ̀ Ítálì, ọ̀rọ̀ ilé ahoro ti di ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ ń kéde. Ní 2019, ìlú Sambuca di Sicilia gbé àwọn ilé tí ó ti di ahoro síta, Yúrò 1 ni iye tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ayé pariwo. Ẹni tí ó bá ka ìlànà rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ yóò rí i pé olùrà gbọ́dọ̀ fi Yúrò 5,000 dógò, kí ó sì fi ó kéré tán Yúrò 15,000 tún ilé ṣe láàárín ọdún 3. Nínú iṣẹ́ ìṣirò owó tí àwa ń ṣe, iye tí a kọ sára ọjà kọ́ ni iye ọjà. Iye ilé ni owó tí yóò gbà kí ó tó ṣeé gbé, pẹ̀lú ìdí tí àwọn ọmọ onílé fi gbà kí ó lọ ní Yúrò kan. Ìdí yẹn ni kì í sí nínú ìpolówó.

A ti ń sọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn bọ̀, ó wá ku tiwa. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1986, ìjọba Nàìjíríà jẹ́ kí ọjà máa pinnu iye owó náírà, láti ìgbà náà ni pọ́n-ùn àti dọ́là ti ń ga lórí náírà. Ìyẹn ni pé nígbà tí ọmọ abúlé kan tí ó ń gbé ní òkèèrè bá kó pọ́n-ùn rẹ̀ dé, ipò Mayle ni ó wà nínú abúlé bàbá rẹ̀. Iye ilẹ̀ ń lọ sókè nítorí rẹ̀. Bíríkìlà tí kò bá tètè dé di ìtàn tí a fi ń pa ara wa lẹ́rìn-ín níbi ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí ó dúró sílé, tí ó ń bá wa wo ilé, tí ó ń gbá àgbàlá, di Faustin wa. Apá mejèèjì ìwé ìṣirò ni ó wà lọ́wọ́ wa lẹ́ẹ̀kan náà: àwa ni ọmọ tí ó jáde, àwa náà ni olówó tí ó ń wọlé.

Kí ni a sì ń fi ipò yìí ṣe? Ẹ wo ọ̀pọ̀ abúlé àti ìlú wa. Ilé alámọ̀ tí bàbá fi owó kòkó kọ́, tí ó fi páànù bò, ni a wó. A fi búlọ́ọ̀kù àti sìmẹ́ńtì kọ́ ilé ńlá sí àyè rẹ̀, a fi géètì onírin sí i, a sì padà sí òkèèrè. Ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún ni a ń sùn níbẹ̀, ní ọdún tí a bá tilẹ̀ lọ. Ahoro alámọ̀ ni a pa rẹ́, ahoro onísìmẹ́ńtì ni a fi rọ́pò rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, pẹ̀lú gbogbo àbùkù wọn, ń gbé inú ilé wọn, wọ́n mọ ibi tí òjò ti ń jò, wọ́n mọ orúkọ ẹni tí ó gbẹ́ ilẹ̀kùn. Mélòó nínú wa ni ó mọ orúkọ ẹni tí ó mọ ògiri ilé bàbá wa?

Ọ̀rọ̀ tiwa sì tún le ju tiwọn lọ ní ọ̀nà kan. Ní àṣà wa, ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìkọ ìwé ìhágún di ilé ẹbí, ẹnì kan kò lè dá a tà. Inú ilé náà tàbí àgbàlá rẹ̀ ni a sì sin ọ̀pọ̀ àwọn òbí wa sí. Kò sí bí a ṣe lè fi Yúrò kan gbé e síta. Bí a kò bá tún un ṣe, tí a kò sì gbé ibẹ̀, kò ní di ti àjèjì tí yóò fẹ́ràn rẹ̀. Yóò kàn wó lé àwọn tí ó sùn síbẹ̀ lórí ni. Àjò kò dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ilé náà gbọ́dọ̀ ṣì wà ní ìdúró kí onílé tó lè re é.

Nítorí náà, ẹ ka àwọn ìwé wọ̀nyí. Ẹ kọ́kọ́ ka ti Stewart, ẹ ka Mayes fún sùúrù rẹ̀ àti fún bàbá olódòdó, ẹ ka Mayle nígbà tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, kí ẹbí kọ̀ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ yìí ra ìwé àjákọ kan, kí wọ́n kọ ìtàn ilé tiwọn sínú rẹ̀ nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè: ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, owó tí wọ́n fi kọ́ ọ, ẹni tí ó mọ ọ́n, ẹni tí ó ni yàrá wo, ẹni tí wọ́n sin sí ibo, àti ọdún tí olúkúlùkù jáde pẹ̀lú ìdí tí ó fi jáde. Kí a kọ ọ́ ní Yorùbá, kí àwọn ọmọ wa tí a bí síhìn-ín lè kà á fún ara wọn. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ wó ògiri kan, kí ó kọ́kọ́ ka ìwé náà tán.